Ìlú Ìbejì Lórí Ayélujára: Ta Ló Ń Jèrè Orúkọ Wa?

Ní ìsinmi tó kọjá, mo ṣe ohun kan tí ojú ṣì ń tì mí nítorí rẹ̀. Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ń yan gàrí tà ní Èrúwà. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Nítorí pé èmi ni ọmọ yunifásítì nínú ẹbí, ó ní kí n bá òun gbé ọjà òun sórí fóònù bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ṣe ń ṣe. Mo ní kò sí wàhálà. Mo ya fọ́tò gàrí, mo kọ ọ̀rọ̀ ìpolówó tí yóò bá a lọ, mo sì wá ọ̀kan nínú àwọn ohun èlò AI ọ̀fẹ́ tó máa ń ka ọ̀rọ̀ jáde lóhùn ènìyàn. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo tẹ̀ ẹ́ fún Àǹtí mi gbọ́ níwájú àwọn obìnrin tó ń bá a bó ẹ̀gẹ́.

Ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé gàrí wa kò kan, kò sì ní iyanrìn. Àmọ́ mo kọ ọ́ bí gbogbo wa ṣe ń kọ Yorùbá lórí fóònù, láìsí àmì kankan lórí rẹ̀: "Gari wa ko kan." Ohùn obìnrin kan jáde, ó mọ́ kedere, ó dùn létí, ó ní: "Gàrí wa kò kàn." Àǹtí mi wò mí. Ó ní, "Ta ni kò kàn?" Ìyá àgbà kan tó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́ dá a lóhùn pé, "Ó ní kò kàn wá. Ẹ fi í sílẹ̀ kó máa bá tirẹ̀ lọ." Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Ìgbà tí ẹ̀rín náà rọlẹ̀ ni Àǹtí mi wá béèrè ìbéèrè tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi títí di òní: "Ará ibo tiẹ̀ lẹni yìí?"

N kò rí èsì gidi fún un. Mo kàn sọ pé ẹ̀rọ ni, mo sì pa á rẹ́.

Bí ẹ bá wà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp ẹ̀ka wa, ẹ̀yin náà ti rí àwọn ìwé ìpè wọ̀nyẹn. Ẹ wá kọ́ ìpolówó ọjà orí ayélujára lọ́sẹ̀ méjì. Ẹ wá kọ́ bí AI ṣe ń kọ ọ̀rọ̀, tó ń ya àwòrán, tó ń ṣe fídíò. Wọ́n ní iṣẹ́ ọ̀la nìyẹn, pé ilé-iṣẹ́ tí kò bá tètè dara pọ̀ yóò kógbá sílé. Èmi náà ti lọ sí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀, nítorí mo mọ ohun tí Google ń wò kó tó gbé ojúewé kan síwájú òmíràn báyìí. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀kọ́ méjèèjì, kò sí ẹni tó dárúkọ èdè. Wọ́n sọ̀rọ̀ àwọ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ fọ́tò, wọ́n sọ àsìkò tó dára jù láti gbé nǹkan sórí Instagram. Bí ẹni pé èdè tí a fi ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ kò já mọ́ nǹkan kan, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ló lè sọ ọ́, ẹ̀rọ pàápàá.

Èrò tèmi ni pé ní ilẹ̀ Ìbàràpá, èdè àti orúkọ ni ọrọ̀ tó tóbi jù lọ tí a lè gbé lọ sórí ayélujára. Méjèèjì náà ni àwọn ẹlòmíràn sì ń lò láìsan kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ orúkọ ṣáájú.

Ìlú méje ni Ìbàràpá: Igbó-Ọrà, Èrúwà, Lánlátẹ̀, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgàngàn. Nínú wọn, ọ̀kan ṣoṣo ni ayé mọ̀. Ẹni tí kò mọ ibi tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà rárá lè ti gbọ́ pé ìlú kan wà ní Nàìjíríà tí ìbejì pọ̀ sí bí ewé. Igbó-Ọrà ni. Bí ẹ bá ń wọ ìlú náà, pátákó kan wà tó ń kí yín káàbọ̀ sí olú-ìlú ìbejì lágbàáyé, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Láti ọdún 2018 ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún ìbejì níbẹ̀ tí àwọn oníròyìn láti òkè òkun fi ń wá.

Orúkọ yìí kì í ṣe àsọdùn ẹnikẹ́ni. Láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ní ètò ìlera kan ní Ìbàràpá tí Igbó-Ọrà jẹ́ ibùdó rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, Dókítà Nylander, oníṣègùn ìbímọ tó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ka iye ìbejì tí wọ́n ń bí ní apá ibí yìí. Iye tí gbogbo ayé ń tún sọ láti inú iṣẹ́ rẹ̀ ni ìbejì 45 sí 50 nínú ìbímọ 1000. Ìṣirò tí àwọn olùwádìí gbé jáde ní 2021 fún gbogbo àgbáyé ni nǹkan bí 12 nínú 1000. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín méjèèjì. Ilé-iṣẹ́ wo ló wà ní Èkó tí kò ní san owó ńlá láti ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn orúkọ rẹ̀?

A kì í sì í ṣe àwa nìkan. Ìlú Kodinhi wà ní Kerala ní Íńdíà, Cândido Godói wà ní Brazil, àwọn náà ń pe ara wọn ní ìlú ìbejì. Ìlú Twinsburg sì wà ní Ohio ní Amẹ́ríkà. Ti Twinsburg ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Kì í ṣe pé ìbejì pọ̀ níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ; àwọn ìbejì méjì kan, Moses àti Aaron Wilcox, ló fún ìlú náà lórúkọ ní ìgbà láéláé. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1976 ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún ìbejì lọ́dọọdún ní oṣù kẹjọ. Ìbejì láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi ń wá, wọ́n ń forúkọ sílẹ̀, wọ́n ń sùn ní òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń jẹun. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì máa ń pa àgọ́ síbẹ̀ láti ṣe ìwádìí lára àwọn tó bá gbà. Orúkọ lásán ni wọ́n ní, wọ́n sì fi í kọ́lé. Àwa ní àwọn ìbejì fúnra wọn.

Ẹ wá lọ sórí YouTube tàbí TikTok kí ẹ wá Igbó-Ọrà. Fídíò kún ibẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é máa ń wá láti Èkó tàbí láti òkè òkun, wọ́n á lo ọjọ́ kan tàbí méjì, wọ́n á to ìbejì sí ìlà, wọ́n á bi ìyá àgbà kan bóyá ọbẹ̀ ilasa ló ń fà á, wọ́n á sì lọ. Owó tí àwọn ènìyàn bá wò ó wọ àpò ẹni tó ni kámẹ́rà. N kò ní kí wọ́n má wá o. Ohun tó ń dùn mí ni pé bí ẹnìkan bá wo fídíò yẹn tán ní London, tó sì fẹ́ ra nǹkan kan láti Igbó-Ọrà, kí ló máa rí rà? N kò tíì rí ilasa gbígbẹ nínú ọ̀rá tó dára tí wọ́n kọ orúkọ ìlú sí. N kò tíì rí ẹ̀gúsí Ìbàràpá bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gúsí ni wọ́n fi mọ̀ wá kí ayélujára tó dé. Gàrí Àǹtí mi gan-an, bó bá ti kúrò ní Èrúwà tó dé ọjà Bódìjà, gàrí Ìbàdàn ni orúkọ rẹ̀. Ẹ wo àwọn Ìjẹ̀bú: kò sí ẹni tí kò mọ gàrí Ìjẹ̀bú, kò sì sí ilé-iṣẹ́ ìpolówó kankan tó bá wọn dá orúkọ náà sílẹ̀.

(Ẹni tó bá sì fẹ́ ta ilasa, ẹ jọ̀wọ́, kó tà á bí ewé ọbẹ̀. Kò sí onímọ̀ tó tíì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òun ló ń mú ni bí ìbejì. Ẹni tó bá fi irú ìlérí bẹ́ẹ̀ sórí ọ̀rá ń wá ìjà NAFDAC, ó sì ń jẹ́ kí àwọn tó ń wá ọmọ lójú méjèèjì náwó lórí asán.)

Ìṣòro kékeré kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti àwa onímọ̀ èdá-èdè. Orúkọ ìlú náà, oríṣi mẹ́ta ni mo ti rí i lórí ayélujára: Igboora, Igbo-Ora, Igbo Ora. Àwọn kan sì ń kà á bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹ̀yà Ìgbò ni wọ́n ń sọ. Ọjà tó bá fẹ́ kí wọ́n rí òun nígbà tí wọ́n bá ń wá nǹkan gbọ́dọ̀ ní orúkọ kan ṣoṣo tí gbogbo ènìyàn ń kọ bákan náà. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì àkọtọ́ nìyẹn, tí a rò pé ìdánwò nìkan ló wúlò fún.

Ọ̀rọ̀ àwòrán tún wà. Aládùúgbò wa kan ní Igbó-Ọrà bí ìbejì obìnrin. Nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àwọn kan wá ya wọ́n ní fọ́tò nígbà ọdún, wọ́n fún ìyá wọn ní owó bísíkíìtì, wọ́n dúpẹ́. Ní bí ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ẹnìkan láti Èkó fi àwòrán ìpolówó kan ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp: àwọn ọmọ rẹ̀ ni, aṣọ kan náà, ẹ̀rín kan náà, ọjà kan tí wọn kò jẹ rí sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà, nítorí ìyá náà kò fẹ́ ẹjọ́. Ohun tó sọ fún ìyá mi ni pé, "Ṣé wọn ò tiẹ̀ lè bi mí ni?"

Òfin wà fún un. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ni Ààrẹ fọwọ́ sí òfin ìdáàbòbò dátà ní Nàìjíríà. Àwòrán ojú ènìyàn wà lára ohun tí òfin náà ń dáàbò bò, bó bá sì jẹ́ ti ọmọdé, òbí tàbí alágbàtọ́ ló gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín: ta ló ka òfin náà fún ìyá yẹn ní èdè tó gbọ́? Nísinsìnyí tí AI lè mú fọ́tò kan ṣoṣo kó sì sọ ọ́ di fídíò tó ń rìn tó ń sọ̀rọ̀, ohun tí owó bísíkíìtì yẹn rà pọ̀ ju bí ìyá náà ṣe rò lọ. Mo rò pé iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ fún ẹ̀ka bíi tiwa: ìwé ìyọ̀ǹda olójú ewé kan ní Yorùbá tó já gaara, tí a lè kà sókè fún ẹni tí kò mọ̀wé, tí yóò sọ ibi tí wọn yóò ti lo àwòrán náà, fún ìgbà wo, àti iye tí wọn yóò san. Kí ó wà ní gbogbo ibùdó àjọ̀dún náà. Kò gba owó kankan ju owó ìwé lọ.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ohùn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, àjọ tó ń mójú tó ìpolówó ọjà ní Nàìjíríà, ARCON, kéde pé láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún náà, àwọn kò fẹ́ rí àwọn olùfarahàn láti ilẹ̀ òkèèrè mọ́ nínú ìpolówó tí wọ́n bá fẹ́ lò ní Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kò fẹ́ gbọ́ ohùn wọn. Ọmọ wa ni kí ẹ gbà síṣẹ́, wọ́n ní. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá, kò ju oṣù méjì lọ lẹ́yìn rẹ̀, ChatGPT jáde. Láti ìgbà náà, ọgbọ́n àtọwọ́dá ti wọ inú gbogbo nǹkan, ohùn ẹ̀rọ sì ti di ọ̀fẹ́. Èmi wá ń béèrè: ohùn tí kò ní ìwé ìrìnnà, tí kò ní ìlú, ṣé ọmọ Nàìjíríà ni tàbí àjèjì? Àwọn tó ń fi ohùn wọn jẹun nídìí rédíò, àwọn tó mọ bí a ṣe ń pe "gàrí" kí itọ́ dà lẹ́nu ẹni tó gbọ́, ìpinnu yẹn kò gbà wọ́n lọ́wọ́ èyí. Ìbéèrè Àǹtí mi gan-an nìyẹn: ará ibo?

Ìdí tí ohùn náà fi ṣi gàrí wa pè kò ṣòroó lóye. Ìró ohùn mẹ́ta ni Yorùbá ní, ohùn náà sì ni ìtumọ̀. Kan, kàn, kán. Ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì ń fi ọgbọ́n orí rẹ̀ mọ èyí tó yẹ. Ẹ̀rọ ń fi ohun tó ti rí tẹ́lẹ̀ mọ̀ ọ́n. Kí ni ẹ̀rọ ti rí tẹ́lẹ̀? Ọ̀rọ̀ tí èmi àti ẹ̀yin ń kọ sórí Facebook láìsí àmì. Àwa la kọ́ ọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Kódà nígbà tí a bá fi àmì sí i, ìdààmú ṣì wà. Nínú ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, ẹ tó ní àmì ìsàlẹ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀, é tó ní àmì òkè ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ tó ní méjèèjì kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ege méjì tàbí mẹ́ta ni a máa ń so pọ̀ kí ó tó jáde. Ẹnìkan lè tẹ àmì ìsàlẹ̀ ṣáájú, ẹnìkejì lè tẹ ti òkè ṣáájú. Lójú, kò sí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n nínú ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ méjì ni, bí ẹni tó kọ ètò náà kò bá sì ronú kan èyí, ẹ lè wá ẹ̀gẹ́ títí kí ẹ má rí i nígbà tó wà níwájú yín.

Àwọn kan ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ó sì yẹ kí a mọ̀ wọ́n. Ní oṣù kejìlá 2013 ni Google fi Yorùbá kún àwọn èdè tí ẹ̀rọ ìtumọ̀ rẹ̀ ń ṣe. Kọ́lá Túbọ̀sún, tó ti kọ́kọ́ pariwo fún Yorùbá lórí Twitter ní 2012, bẹ̀rẹ̀ àkójọ orúkọ Yorùbá lórí ayélujára, YorubaName, ní 2015, tí ẹnikẹ́ni lè gbọ́ bí a ṣe ń pe orúkọ. Àwọn olùwádìí tó wà nínú ẹgbẹ́ Masakhane ń ṣiṣẹ́ lórí àwọn èdè Áfíríkà káàkiri, tí ara wọn kò sì gba owó oṣù fún un. Àkójọ gbólóhùn Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì kan wà, MENYO-20k, tó lé ní 20,000 gbólóhùn tí wọ́n fi àmì sí dáadáa. Fún ọmọ èdá-èdè, iye náà dà bí òkun. Fún ẹ̀rọ tó jẹ Gẹ̀ẹ́sì tó pọ̀ bí iyanrìn etí òkun, ìkan ṣíbí ni.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Ọ̀rẹ́ mi kan nínú ẹ̀ka Ìṣòwò sọ ọ́ fún mi lójú: "Ta ló ń ka àmì? Bí o bá kọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á ra gàrí náà." Òtítọ́ ni. Èmi fúnra mi kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀ tí mo bá ń kọ sí ìyá mi. Ó tún ní ẹni tó bá ní owó láti ra ọjà lórí ayélujára, Gẹ̀ẹ́sì ló ń kà. Èyí ni n kò gbà. Ní ilẹ̀ Ìbàràpá, ojúewé tó ní àwòrán mèremère kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń ra ọjà. WhatsApp ni. Status ni, àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, àti ẹgbẹ́ àwọn tó jọ jáde nílé ìwé, àti ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ tí wọ́n sì ń fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á san owó sínú àkáǹtì, dẹ́rẹ́bà á gbé ẹrù. Obìnrin tí kò lè ka ìlà méjì lè fi ohùn ránṣẹ́ sí ènìyàn igba kí ìrẹsì tó jinná. Ohun tuntun tí àwọn olùkọ́ ìpolówó ń sọ pé ó ń bọ̀, pé ènìyàn yóò máa bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ dípò kó máa tẹ̀wé, àwọn ìyá wa ti ń gbé inú rẹ̀. Ohùn ni ọjà wọn tẹ́lẹ̀.

Ìpolówó kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná lọ́dọ̀ wa. Kí rédíò tó dé, oníkiri ti ń polówó. Mo lo òwúrọ̀ márùn-ún ní Èrúwà pẹ̀lú fóònù mi, mo ń gba ohùn àwọn tó ń kiri sílẹ̀ pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn, fún iṣẹ́ àṣekágbá mi. Ẹni tó ń ta ẹ̀kọ, ẹni tó ń ta ẹ̀wà, ọmọdébìnrin kan tó ń ta ọṣẹ dúdú. Wọ́n máa ń fa sílébù ìkẹyìn gùn títí yóò fi wọ inú ilé ẹni tó ń sùn, síbẹ̀ ohùn ọ̀rọ̀ kì í yẹ̀. Bó ti wù kí orin wọ inú rẹ̀ tó, ìsàlẹ̀ ń lọ sílẹ̀, òkè ń lọ sókè, èyí tó wà láàárín sì ń dúró sáàárín. Wọ́n kì í sì í purọ́ púpọ̀, nítorí àdúgbò kan náà ni wọn yóò tún gbà lọ́la. Ẹlẹ́kọ yẹn kò lọ sí ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ méjì kankan.

Èrúwà ní ẹni tó fi irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ hàn mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ ni tirẹ̀. Dókítà Awójọbí, tó kú ní 2015, fi ìlú ńlá sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, ó wá ṣí ilé ìwòsàn sí Èrúwà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yí ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ bó ṣe tó lára aláìsàn wọ́n, ó sì nílò iná mànàmáná tí a kò ní. Ó fi àgbá kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn ṣe tirẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i. Ẹ̀rọ tó ń fi ooru pa kòkòrò lára irin iṣẹ́ abẹ, páàpù àgbàdo ló ń dá sí i dípò iná NEPA. Kò kórìíra ẹ̀rọ. Ó wo ohun tó wà nílẹ̀ ní Ìbàràpá, kẹ̀kẹ́ àti àgbàdo, ó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń sọ fún mi pé ilé-iṣẹ́ kékeré ní Igbó-Ọrà gbọ́dọ̀ ra ohun èlò AI olówó dọ́là lóṣooṣù, òun ni mo máa ń rántí. Ohun tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ohùn àwọn ènìyàn wọ̀nyí.

Nítorí náà, ẹ̀yin alúmínáì wa tó wà ní ilé-iṣẹ́ ìpolówó, ní báǹkì, ní àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, ẹ gbọ́ mi. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ṣe ìpolówó ní Yorùbá, ẹ má fi Gẹ̀ẹ́sì sínú ẹ̀rọ kí ẹ wá pe èmi pé kí n bá yín "wò ó gààràgà" ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà. Ẹ pè wá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá sí Ìbàràpá pẹ̀lú ìwé ìyọ̀ǹda. Ẹ san owó ohùn bí ẹ ṣe ń san owó orin. Ẹ̀yin tí a jọ wà ní ọdún àṣekágbá, tí àwọn ará ilé ń bi pé kí lẹ fẹ́ fi èdá-èdè ṣe, ẹ mọ̀ pé kò sí ọmọ ẹ̀ka kọ̀ǹpútà tó lè sọ ìdí tí "kò kan" fi di "kò kàn". Ẹ̀yin lè sọ ọ́.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ dójú tì mí yẹn, Àǹtí mi gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó nu ún, ó di ibi ohùn mú lórí WhatsApp, ó sì sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Ó kí wọn, ó sọ orúkọ rẹ̀, ó ní gàrí òun gbẹ, kò kan, ẹni tó bá rí iyanrìn nínú rẹ̀ kó dá a padà wá fún òun. Lẹ́yìn rẹ̀ ẹ ń gbọ́ ìyá àgbà yẹn tó ń sọ pé, "Ẹ ẹ̀ ní rí." Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnìkan tí wọ́n jọ lọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà ní Ṣakí ti béèrè àpò méjì. Mo ní kó jẹ́ kí n fi ohùn náà kún èyí tí mo ń kó jọ fún iṣẹ́ àṣekágbá mi. Ó ní kò burú, fún ìwé ni, ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ilé-iṣẹ́ kan bá ní òun fẹ́ fi kọ́ ẹ̀rọ, ó ní kí n kọ́kọ́ sọ iye rẹ̀ fún wọn. Ó ti dá iye náà, ó ju owó àpò gàrí mẹ́wàá lọ, n kò sì ní kọ ọ́ síbí.